Nọ́ọ̀sì Fẹ́ Gbé Mi Kúrò Lọ́dọ̀ Àwọn Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé abẹ́rẹ́ àti aṣọ tí ẹ ń rán yẹn sílẹ̀ ná, torí ẹ̀yin lẹ fà mí lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di àrùn sí lára, ẹ̀yin náà lẹ máa gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀. Mi ò ta tẹ́tẹ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí nọ́ọ̀sì yẹn ń fi mí ṣeré?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí kálukú sọ irú tẹ́tẹ́ tó fẹ́ràn. Òótọ́ ni mo sọ, mo ní ẹ̀rọ ni, èyí tí àwòrán èso máa ń yí lójú rẹ̀. Ló bá mú èmi onígbàjámọ̀ onírùngbọ̀n yìí, ó fi mí sáàárín ìyá àgbà mẹ́rin, àwọn ẹlẹ́rọ bíi tèmi. Àwọn onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà lójú fèrèsé, àwọn oníkáàdì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan láàárín àwọn oníkáàdì ní ọpọlọ làwọn fi ń ta tiwọn, pé èmi kàn ń tẹ bọ́tìnnì bí ọmọ ọwọ́. Ọpọlọ wo? Ṣé ọpọlọ náà ló gbé e wá gba ìtọ́jú? Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, kò dùn mọ́ mi nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkáàdì. Ó ní òun á wò ó.

Àfi bí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tó máa ń jókòó tì mí, ṣe bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Onígbàjámọ̀, tí o bá wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, kí lo ń sá fún?" Ẹ̀yin náà mọ bí ilé mi ṣe pa lọ́lọ́ látìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀rọ yẹn ń kọrin, ó ń tàn yanran. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní bó ṣe rí fún òun náà nìyẹn látìgbà tí kò ti sí ariwo ọmọ ilé ìwé létí òun mọ́. Báyìí, bí ara mi bá ti fẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, òun ni mò ń pè lórí fóònù, á máa ròyìn orúnkún rẹ̀ fún mi títí ara mi á fi rọlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni nọ́ọ̀sì wá dé lónìí, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí n gbé àga mi lọ sọ́dọ̀ awakọ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ó dáa, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, ṣé èèyàn ò lè yí ọkàn padà ni? Ó ní òun ti kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo di àga mi mú. Tíṣà di ẹsẹ̀ àga náà mú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ bàtà yín, ká lọ. Ẹ̀yin lẹ mú mi débẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ẹ fi yé e pé ẹlẹ́rọ ni àbúrò yín, àárín àwọn ìyá yẹn ló ti ń gbádùn.