Àgbọ̀n Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ojú Olè

Ẹ̀yin ọlọ́pàá tuntun, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, wọ́n ní kí n wá kọ́ yín bí ẹ̀rọ tí ń dá ojú mọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n fi ẹjọ́ jórinjórin tí wọ́n ní ó ja ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì lólè ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹjọ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè wá sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. N óò sọ ti ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ ní kóòtù kọ́ ni n óò ṣe sọ ọ́ lónìí, torí irọ́ ni mo pa ní kóòtù. Mo ti gbé irọ́ náà mì, ó kọ̀, kò dà nínú mi. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ọ̀run tó fi hàn pé jórinjórin yẹn dé ṣọ́ọ̀bù náà rí, àfi ohun tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá mi tó mú mi wá ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Láti kékeré ni ohun tó bá takókó ti máa ń fà mí lọ́kàn. Àwọn àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí èèyàn á tún tò pọ̀, mo lè jókòó tì wọ́n títí n óò fi gbàgbé ebi. Bí ègé kan bá sọnù, n óò gé páálí, n óò kùn ún ní ọ̀dà, n óò fi dí ihò náà. Màámi á ní, “Ọmọ yìí, ihò lásán kò lè jẹ́ kó o sùn.” Wọn ò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo kàwé ìmọ̀ kọ̀m̀pútà ní yunifásítì, àwọn ọlọ́pàá sì gbà mí síṣẹ́ nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí ògiri rẹ̀ kún fún ojú kọ̀m̀pútà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì tutù débi pé obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í bọ́ súwẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ìyá Kámẹ́rà là ń pè é. Ó ti ń wo kámẹ́rà títì kí n tó mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìpè ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ mi lọ, ibẹ̀ sì ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni ẹnì kan wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì yẹn, ó fi irin la ìyá tó ń tajà níbẹ̀ lórí, ó kó ohun tó fẹ́ kó, ó lọ. Kámẹ́rà òkè ìlẹ̀kùn rí i, ṣùgbọ́n ìbòmú dúdú bo imú, ẹnu àti àgbọ̀n rẹ̀. Iwájú orí àti ojú nìkan ló hàn, wọn ò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìlú gbaná jẹ. Rédíò ń bú wa láàárọ̀, ó ń bú wa nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá á dé, á dúró lẹ́yìn àga mi, á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ìlú rà yìí, ṣé tẹlifíṣàn ni?” Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín. Mo fún ẹ̀rọ náà ní àwòrán yẹn jẹ, ó ní òun ò rí ẹnì kankan. Òfin wa ò lọ́jú pọ̀: bí àwòrán kò bá tó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tó, kó o dìde níbẹ̀. Ìyá Kámẹ́rà gan-an wí bẹ́ẹ̀ fún mi: “Kọ ọ́ pé kò tó, ọmọ mi, ká máa lọ sílé.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Èmi kò lọ. Ihò ti lanu sílẹ̀ níwájú mi.

A ní ìdì àwòrán kan tí a fi ń dán ẹ̀rọ náà wò, ojú àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ tó wá gba ìwé ìwakọ̀. Mo wọ inú rẹ̀. Mo wá ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti olè náà, tí ìmọ́lẹ̀ sì bà á láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Mo gé imú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdajì ojú tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi ọgbọ́n kọ̀m̀pútà nu ojú ìlẹ̀pọ̀ títí kò fi sí ẹni tó lè rí i. Mi ò ka orúkọ ẹni tí mo gé. Mi ò tilẹ̀ wo apá òkè ojú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé aṣọ lásán ni mo fi bo ihò náà, kí ẹ̀rọ lè rí ààyè wo ojú olè. Ẹ gbọ́ irọ́ àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni mo pa á fún. Nígbà tí mo tún fún ẹ̀rọ náà ní àwòrán, ó gbé ojú ẹnì kan ṣoṣo wá, ó ní ó dá òun lójú. Ọkùnrin jórinjórin kan ni. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ìyá Kámẹ́rà ni ó yẹ kó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó bi mí pé ibo ni mo ti rí àgbọ̀n. Mo ní ẹ̀rọ ló fi òye ara rẹ̀ parí ojú náà. Ó ní, “Ẹ̀rọ yìí mà ti gbọ́n jù mí lọ o,” ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má bá a wí. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni mo tàn.

Wọ́n mú jórinjórin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń jó géètì kan lọ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn gíláàsì nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ní òun nìkan lòun wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá, ó rí òun. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó jókòó tì í ní, “Ìyàwó wo ló máa ń pe ọkọ ẹ̀ lólè?” Ó wá sún àwòrán mi síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ pátápátá. “Ọ̀gá, ẹnu mi nìyí. Ojú yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ wò ó dáadáa.” Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í pé ṣé ó ti ń san ẹnu fún wọn ní díẹ̀díẹ̀ ni, kó kúkú san ojú náà mọ́ ọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dún létí mi títí di òní.

Ìyá oníkẹ́mísìtì ni wọ́n lọ fi àwòrán náà hàn lẹ́yìn ìyẹn, ní ọsibítù, èmi ni mo gbé kọ̀m̀pútà dání. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tútù, ó ti sọ fún wa pé òun ò rí ẹnu ẹni náà, pé ìbòmú bò ó. Àmọ́ bó ṣe rí àwòrán yìí báyìí, ó sún mọ́ ọn. Ó na ìka sí àgbọ̀n náà, níbi tí àpá kékeré kan wà, ó ní, “Àpá yẹn. Mo rántí àpá yẹn.” Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í bóyá ìbòmú náà yọ̀ nígbà kan. Ó ronú, ó ní àfàìmọ̀ kó má yọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Ẹni tó bo àgbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, níbo ni kámẹ́rà ti rí àpá? Mo sáré padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí ìdì àwòrán tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò, mo wá àgbọ̀n tí mo gé. Jórinjórin ni. Ìwé ìwakọ̀ ló wá gbà lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi yà á. Àgbọ̀n rẹ̀ ni mo fi fún ẹ̀rọ jẹ, ẹ̀rọ sì bá mi wá ẹni tó ni àgbọ̀n. Kò rí olè kankan. Ohun tí mo fi sí i lẹ́nu ló tún bì fún mi.

Mo tọ Ọ̀gá lọ, mo sì jẹ́wọ́ fún un, mo búra fún yín pé mo jẹ́wọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó bi mí pé, “Ta ló bi ọ́?” Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ yìí ti bá wa mú jáde lẹ́wọ̀n nítorí àgbọ̀n ẹnì kan, pé ohun tí kò sẹ́ni tó bi mí, kí n má dáhùn rẹ̀, kí n sì pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ̀gá ti dìde lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má dí i lọ́nà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá fẹ́ pe ẹni tó fẹ́ pè, kó pè é. Ohun tó sọ kọ́ ló ba ayé jórinjórin jẹ́, èmi tí mo gbà á ni. Mo pa àwòrán náà rẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì. Ẹ̀dà kan ṣẹ́ kù nínú kọ̀m̀pútà mi nílé, mo sì ń purọ́ fún ara mi pé n kò rántí.

Ní kóòtù, mo wọ súùtù dúdú tí Màámi rà fún mi. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún adájọ́ pẹ̀lú èdè tó dùn. Agbẹjọ́rò jórinjórin, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le, wá dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní. “Ǹjẹ́ ohunkóhun wà nínú àwòrán yìí tí kámẹ́rà kò rí?” Wọ́n ti bi mí. Lójú adájọ́, lẹ́yìn tí mo ti búra, wọ́n ti bi mí. Mo wo iwájú. Jórinjórin ń wò mí, kò bínú, ó kàn ń dúró de ìdáhùn bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ tó kàwé kò ní purọ́. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí àyà. Mo ní, “Rárá.” Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni wọ́n fi rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ̀, mo ṣì lè gbà á là. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ dí mi lẹ́nu. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Ó lè máa ṣe yín ní kàyéfì pé kí ló wá yí mi lọ́kàn padà. Ìyá oníkẹ́mísìtì ni. Ara rẹ̀ yá, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì. Ó ní òun ò lè ti ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́, pé bí òun bá ti dijú, àpá àgbọ̀n yẹn lòun ń rí. Ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ọmọ mi, ojú rẹ kò ní fọ́.” Mo gbọ́ àdúrà yẹn bí èpè. Àpá tí kò rí rí láyé ni mo kì bọ inú orí tí wọ́n fi irin là. Ẹni tó là á lórí gan-an ṣì ń rìn kiri, ìyá náà kò sì lè dá a mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá jọ pàdé lójú ọ̀nà, nítorí mo ti fi ojú ẹlòmíràn dí ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo fi ẹ̀dà àwòrán náà lé agbẹjọ́rò jórinjórin lọ́wọ́, mo sì bá a kọ gbogbo ohun tí mo ṣe, mo fọwọ́ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ náà á dé iwájú adájọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé èmi náà á ṣẹ̀wọ̀n, kí n má tan ara mi. Mo pe ìyàwó jórinjórin. Mo ṣàlàyé, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Má bẹ̀ mí. Mú un wá sílé ná. Tó bá jókòó, tó jẹun, kó o wá bẹ òun.”

Nítorí náà mi ò ní kí ẹ̀yin forí jì mí, kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí wọ́n bá bi yín ohun tí ẹ gbọ́ lónìí, ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má yọ, ẹ má fi kún un. Ẹ wo ògiri yìí. Àwòrán tí kámẹ́rà yà nìyí, bó ṣe rí kí n tó fọwọ́ kàn án: ojú méjì, ìbòmú dúdú, ó tán. Ẹ óò bá irú rẹ̀ pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá á dúró lẹ́yìn àga yín, rédíò á máa bú yín, ẹ óò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí ihò. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ṣíjú wò ó, kẹ́ ẹ sì ní ẹ ò mọ ẹni náà.