Apá Tó Ń Kú Láràárọ̀

Nínú takisí tó gbé wa láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, bàbá kan ń ráhùn fún ìyá tó jókòó tì í.

"Láràárọ̀ ni apá mi máa ń kú mọ́ mi lára bí igi tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ló bọ̀ mí lọ́wọ́ níbi ìpàdé ẹbí. Mi ò kí i mọ́."

"Ẹ ti dé ọsibítù?"

"Mo débẹ̀. Dókítà ní apá yẹn ni mò ń gbórí lé sùn, pé ó ń tẹ iṣan inú rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ẹ gbórí kúrò níbẹ̀ nígbà náà."

"Mo ti gbé e kúrò. Apá ti yá."

"Ẹ wá lọ bẹ àbúrò yín."

Bàbá ń fọwọ́ pa apá náà títí a fi ń rí àwọn òkè Ọ̀kà.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ kí n wá máa bínú sí?"