Àléébù Ọkọ̀ Tí Alaaji Làsísì Fi Pamọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tó sì mọ ohun tó wà nínú àyà ẹni tó ń tà á. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa àti gbogbo ẹni tó ń tọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ata tó wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, bí mo bá parí kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì tẹ́ ẹ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ wá jókòó, ẹní pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ò bi yín bóyá mọ́ṣáláṣí lẹ̀ ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀kọ́ náà ò gùn. Bí o bá ń ta ọjà, tí o sì mọ àléébù rẹ̀, dandan ni kó o sọ ọ́. Bí oníbàárà ò bá béèrè ńkọ́? Sọ ọ́! Bó bá ti sanwó tán, tó ti kọjú sọ́nà ńkọ́? Sáré tẹ̀ lé e, kó o sọ ọ́! Ànọ́bì kọ́ wa pé ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nínú ilé, tó ṣì ń tẹ́ ẹní ìrun sínú yàrá, kí la fẹ́ máa pè é?

Alaaji Làsísì ará Ìwó ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Pákó ló ń tà. Ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, àmì ìforíkanlẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán. Ẹ̀yin náà mọ irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá ti rí i báyìí, kò tún ní í ka pákó mọ́.

Alaaji ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń gba èèyàn méje. Nígbà tó yá, bíréèkì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, tí bíréèkì bá gbóná, wẹ́rẹ́ lẹsẹ̀ yóò wọlé, ọkọ̀ ò sì ní í dúró. Sẹ́míù, mẹkáníìkì rẹ̀, tún un ṣe títí ó fi sú u. Ó ní, "Alaaji, ẹ má gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi olókè o. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó máa rà á." Alaaji ní òun ti gbọ́. Lóòótọ́ ló gbọ́, etí kọ́ ló ń dùn ún.

Ó gbé àwòrán ọkọ̀ náà sórí Wasáàpù. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mọ́ tónítóní, pé ìdílé kan ṣoṣo ló ń lò ó, pé Alaaji ló ni ín. Ẹ bá mi dá sí i, ṣé Alaaji náà jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà ọkọ̀ ni?

Láti ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́hùn-ún lẹnì kan ti pè é. Búsàírì lorúkọ rẹ̀, ùsítáàsì tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Èfọ̀n-Alààyè. Ràlíátù, ìyàwó rẹ̀, ń ta aṣọ òkìrìkà láti ọjà dé ọjà, wọ́n sì ti ń tu owó jọ fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n á máa fi kó ẹrù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sí Ìwó, Ràlíátù ní, "Bàbá Bàsírá, ṣé a ò ní mú mẹkáníìkì dání?"

Búsàírì ranjú mọ́ ọn. "Ẹni tó ti fọwọ́ kan Káábà! Kí n mú mẹkáníìkì lọ máa tú ìdí ọkọ̀ rẹ̀ wò lójú ara rẹ̀? Ìwọ náà ro ó wò. Àbùkù ńlá nìyẹn."

Ẹ ò rí wa, àwa Mùsùlùmí! Bá a bá fẹ́ ra adìyẹ, a ó fẹ́ iyẹ́ ìdí rẹ̀ wò, a ó fi ọwọ́ wọn igbá-àyà rẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ wa ńkọ́? Láwàní ẹni tó ń tà á là ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, tọkọtaya yìí àti àwọn ọmọ wọn obìnrin méjì dé Ìwó. Búsàírì wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, bíréèkì ń mú, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bi Alaaji pé, "Alaaji, kò sí nǹkankan tó ń ṣe é, àbí?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, òótọ́ kàn ní láti jáde ni. Alaaji ní, "Wáláì, kò sí nǹkankan."

Búsàírì sanwó, owó wọlé. Alaaji na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni Búsàírì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ mọ̀ pé òkè tó wà lọ́nà tiwa yẹn, ọkọ̀ tí ò bá dá ṣáká ò lè débẹ̀."

Ọwọ́ Alaaji dúró lófuurufú. Òkè! Ó mọ̀ pé Èkìtì ni ọkùnrin yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ọ́mọ̀ má bi í léèrè ọ̀nà, nítorí ohun tí a ò bá béèrè, a lè ní a ò mọ̀ ọ́n. Ó wo Búsàírì, ó wo àwọn ọmọdébìnrin méjì tí wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń jà sí ibi fèrèsé. Ṣàìtánì ní, "Owó ti wọlé. Tó o bá sọ ọ́ báyìí, ojú á tì ẹ́." Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí ọwọ́ Búsàírì. Wọ́n sì lọ.

Ẹ wá wo Alaaji lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ó jókòó, ó dìde. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó ní kí wọ́n gbé e padà. Ó bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù pákó, kò rántí ohun tó wá mú. Wọ́n pe ìrun Àílà, ó dá kí i nílé, ọkàn rẹ̀ ti dé Òṣogbo, ó ti ń lọ sí Iléṣà. Rákà kẹta nìyí àbí ẹ̀kẹrin? Kò mọ̀. Ó kí òmíràn sí i. Nígbà tó sálámà, Sẹ́míù mẹkáníìkì ló rí lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ń dúró dè é.

"Alaaji, rákà márùn-ún lẹ kí." Sẹ́míù wo àyè tí ọkọ̀ máa ń wà. "Ẹ ti ta bọ́ọ̀sì yẹn? Ta ló rà á?"

"Ará Èfọ̀n kan ni."

"Èfọ̀n-Alààyè?" Sẹ́míù ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ sọ fún un ṣá?"

Alaaji fa fóònù yọ, ó pe Búsàírì. Ó ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Ẹ sì wá wò ó o, ìdí tí Búsàírì ò fi gbé fóònù ni pé ó wà nídìí ọkọ̀, èèyàn rere ni, ó ti búra pé òun ò ní í máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí òun bá ń wakọ̀. Ìwà rere ẹni tí o rẹ́ jẹ lè dènà mọ́ ọ nígbà tó o bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹ fi ìyẹn sí ọkàn yín.

Alaaji sáré lọ sí gáréèjì, ó gba takisí tòun nìkan. "Máa sáré! Iléṣà! Ọ̀nà Èfọ̀n!" Dírẹ́bà bi í pé ta ló kú. Alaaji ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ní Òṣogbo, ó yọ orí síta, ó ń wo gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá jọ tirẹ̀. Ní Iléṣà, ó ní kí dírẹ́bà má dúró ra epo. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé òun ló ń wà á, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí ló ń retí pé òun á rí èrò tó pé jọ.

Lórí òkè, ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà. Ibẹ̀ ló ti rí bọ́ọ̀sì náà. Búsàírì àti ará ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àlàásárì tán, wọ́n ń wọ bàtà. Alaaji fò bọ́ sílẹ̀, fìlà rẹ̀ bọ́, kò ṣà á. "Búsàírì! Má gbé ọkọ̀ yẹn mọ́! Bíréèkì rẹ̀ ò dára! Kò lè sọ̀kalẹ̀ níbí yìí!"

Ẹ̀yin rò pé Búsàírì á dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, àbí? Ó wo Alaaji, ó wo takisí, ojú rẹ̀ yí padà. "Alaaji, ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ san jù mí lọ."

"Wáláì, kò rí bẹ́ẹ̀!"

"Wáláì?" Búsàírì ò pariwo. "Wáláì kan náà lẹ fi búra láàárọ̀ pé kò sí nǹkankan tó ń ṣe é. Alaaji, èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ùsítáàsì lóhùn. Èwo ni kó gbà? Alaaji ní òun á dá owó padà. Búsàírì ní òun mọ̀ pé ó fẹ́ dá a padà, kó lè tà á fún ẹlòmíràn ni, Ànọ́bì sì ti kọ̀ fún wa pé ká má fi ọjà wa lé orí ọjà ọmọ ìyá wa. Ó wọ ọkọ̀, ó wà á síwájú díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbagidi. "Ẹ wò ó! Ẹ rí i? Ràlíátù, kó àwọn ọmọ wọlé."

Alaaji dúró síwájú ọkọ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún, lójú títì, láìdé fìlà. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo bẹ̀ ọ́, fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni kí n wà á sọ̀kalẹ̀. Kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀ láyọ̀, irọ́ ni mo pa, máa gbé e lọ."

Ràlíátù ló fa ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bàsírá, àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ lójú títì nítorí owó lásán. Àwa ò wọ̀ ọ́." Búsàírì na kọ́kọ́rọ́ sí Alaaji, ṣùgbọ́n ó jókòó tì í, ó ní kó má baà gbé ọkọ̀ sá lọ. Alaaji bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó kọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bíréèkì mú. Ó tún mú. Búsàírì ń fi ìgbéraga wo Alaaji. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà kejì, òórùn bí ohun tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Alaaji tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò sì gbọ́. Ó já gíà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké, eré ń pọ̀ sí i. Níwájú, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, àpáta wà lápá òsì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí. Ó ní, "Là ìláhà ìlà-llọ̀hu," ó sì yí ọkọ̀ sí apá òsì.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Búsàírì rí i pé ìfarapa ò kan òun ju ibi tí dígí ti ha òun lọ́wọ́ lọ. Irin ti há ẹsẹ̀ Alaaji mọ́lẹ̀, egungun rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n ń gbọ́ bí Ràlíátù ṣe ń sáré bọ̀ lókè, tó ń ké. Búsàírì yíjú sí Alaaji, ó ní, "Alaaji, òótọ́ lẹ sọ."

Ìgbà yẹn ni Alaaji Làsísì sunkún. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ ń dun òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó pa òun lẹ́kún ni pé òun ti di ẹni tó ní láti fọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí èèyàn tó lè gba òun gbọ́.

Ó dá gbogbo owó Búsàírì padà. Búsàírì ra ọkọ̀ mìíràn, mẹkáníìkì méjì ló sì mú lọ, ó ní bó bá ṣe ímáámù gan-an ló ń tà á, wọ́n á wo ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Alaaji jinná, ṣùgbọ́n kò ká mọ́. Orí àga ló ti ń kírun báyìí, kò lè fi iwájú orí kan ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin jàmáà, òótọ́ tí kò ní í ná an ju ìtìjú ìṣẹ́jú kan lọ láàárọ̀, ẹ ti rí ohun tó ná an kí oòrùn tó wọ̀. Ìwọ tí o fi ẹ̀pà tó ti hu sábẹ́ ẹ̀pà tuntun, ìwọ tí o ń fi ọmọ tó ń ṣàìsàn fún ọkọ láìsọ fún un, ìwọ tó o mọ̀ pé omi ń wọ ilé tó o fẹ́ fi háyà, ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ ò tíì jìnnà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ. Bá a ṣe ń túká yìí, pè é.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí a ò lè fi àléébù pamọ́ fún, fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá nínú ọjà wa gẹ́gẹ́ bó o ṣe fi mọ̀ wá nínú ìrun wa. Fún wa ní àlùbáríkà nínú èyí tó kéré, má sì fi èyí tó pọ̀ dán wa wò. Jẹ́ kí ẹnu wa sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè gbà á gbọ́. Àmín, Ọlọ́hun Ọba.