Bóòtù Táyà Ọkọ̀ Fatawu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ má sọ pé àìsàn ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Orí mi pé. Àgbékẹ́ ìyàwó mi, ti ilẹ̀kùn, kí o sì jókòó ti Fatawu. Òun gan-an ni mo ránṣẹ́ pè. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Èmi Mọ́nsúrù, fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Madina, ní Accra níbí, tí gbogbo yín fọkàn tán, èmi ni mo pa Zuweira. Fatawu kọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Fatawu gbé tròtrò rẹ̀, ọkọ̀ èrò tó ń wà, wá. Bóòtù márùn-ún ló di táyà iwájú mú, eyín tí nọ́ọ̀tì ń gùn lára mẹ́ta nínú wọn sì ti jẹ. Ó yẹ kí n yọ wọ́n, kí n fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kò jẹ́ kí n lọ sọ́jà. Mo fi irin tí a fi ń la eyín bóòtù yí wọn lórí. Wọ́n ń dán lójú, àmọ́ bí mo ṣe ń di nọ́ọ̀tì, méjì ń yí lófo. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo fi gírísì bò ó, mo ní ó ti parí.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá pè é ní àṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, Fatawu padà dé.

"Ẹ̀gbọ́n, táyà yẹn ń gbọ̀n o. Ó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀."

Àwọn oníbàárà jókòó. Bí mo bá tú u, wọn á rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. N kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Mo ní, "Chálè, ọ̀rẹ́ mi, títì ni kò dáa. Máa lọ." Ó sì dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi ìkà yìí!

Kò pé wákàtí kan, táyà náà yọ, ọkọ̀ sì takìtì. Zuweira, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, tó wà nínú ọkọ̀ náà, kò jáde láàyè.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Fatawu ń sunkún: "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yìí, mo padà lọ fi hàn án!" Mo wò ó lójú, mo ní, "Mo sọ fún un pé kó padà wá kí n tún nọ́ọ̀tì dì. Kò wá." Mo fi Kùráánì búra sí i ní kóòtù. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣẹ̀wọ̀n.

Èmi náà wà lẹ́wọ̀n tèmi níta. Láràárọ̀ ni Ìyá Lubabah, tó bí Zuweira, ń yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, torí pé mo bá wọn gbé òkú ọmọ rẹ̀. Á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọmọ tìẹ náà." Mo ń ṣe àmín. Ibo ni ǹ bá sá lọ? Accra ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá sì fẹ́ sọ ọ́, ọdún tí Fatawu ti lò lẹ́wọ̀n á dí mi lẹ́nu.

Fatawu, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí bóyá mo rí èrò nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ní kí o máa lọ. Mo rí wọn. Zuweira wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó kí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe fítà, bóòtù tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ yọ ọ́ dànù. Bí oníbàárà bá sì padà wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wò ó.

Fatawu, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà bá mi pe Ìyá Lubabah wọlé. Ó wà lójúde, ó gbé ọbẹ̀ wá fún mi.