Omi Àlùwàlá Tí Mo Gbé Mì

Wọ́n máa yẹgi fún mi. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni n kò mọ̀. Yàrá tí wọ́n fi mí sí kò gbà ju ẹní kan àti garawa kan lọ, òórùn garawa náà sì ni mo ń gbọ́ bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má káàánú mi. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ẹ ó tutọ́, ẹ ó sì jàre. Èmi gan-an, bí mo bá wo ọwọ́ ara mi pẹ́, èébì a máa gbé mi.

Ọmọ agbègbè Ọ̀sì ni mí, ní ilẹ̀ Èkìtì ti Kúwárà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ jù wá lọ níbẹ̀. Ilé mùsùlùmí tó wà ní àdúgbò wa kò pé mẹ́wàá. Nítorí pé a kò pọ̀, ojú gbogbo ìlú wà lára wa. Bàbá mi a máa sọ pé, "Bí wọ́n bá rí yín, ẹ̀sìn yín ni wọ́n rí. Ẹ má bà á jẹ́ o." Gbogbo èèyàn ló gbà pé mùsùlùmí tó bá gbá Kùránì mú kò ní purọ́. Orúkọ rere yẹn ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, òun náà ni mo fi jalè.

Bàbá kọ́ mi ní ohun mẹ́fà tí mùsùlùmí gbọ́dọ̀ gbà gbọ́: Ọlọ́run kan ṣoṣo, àwọn màláíkà rẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, àti kádàrà. Nígbà tí Sùlè, àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń gbé e sórí itan, tí mo ń ka ohun mẹ́fà yẹn sí i létí títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹnu mi dùn. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rin ọwọ́ ọ̀tún ni, nínú oṣù ààwẹ̀. A ń wa iṣu, oòrùn mú, ọ̀fun mi sì gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà tí àkókò ìrun àìlà tó, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti ṣe àlùwàlá. Mo bu omi sẹ́nu láti yọ ẹnu, bí a ti ń ṣe. Ó yẹ kí n tu ú dànù. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá wà lókè, ó ti gbájú mọ́ iṣu rẹ̀. Mo gbé omi náà mì. Mo tún bu òmíràn, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà mo nu ẹnu mi, mo lọ dúró lẹ́yìn bàbá mi, mo sì kírun.

Bàbá wojú mi, ó ní, "O kú ìforítì, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbà á."

Mo ní, "Àmín."

Ilẹ̀ kò lanu, àrá kò sán. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn. Èèyàn lè rí ẹni tó ń kírun, ó lè rí ẹni tó ń tọrẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí ohun tó gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ kọjá? Láàárín ìwọ àti Ẹni tó dá ọ ni ààwẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, n kò gba ààwẹ̀ kan pé mọ́. Mo ń bá wọn jẹ sàárì, mo ń bá wọn ṣínu, mo sì ń jẹ iṣu sísun lóko láàárín méjèèjì. Alábòsí! Síbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní olùfọkànsìn.

Bàbá kú, oko obì rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi àti Jòṣúà ni a jọ pààlà. Kìrìsìtẹ́nì ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni láti kékeré. Bàbá tirẹ̀ àti bàbá tèmi ni wọ́n jọ gbin pèrègún sí ààlà náà. Igi obì mẹ́rin wà létí ààlà ní ọ̀dọ̀ Jòṣúà, wọ́n ń so bí ẹni pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín, ojú mi kò sì kúrò lára wọn. Ẹ kúkú mọ pèrègún: bí òjò bá ti ń rọ̀, ibi tí o bá kì í bọ̀ náà ló máa mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan, Jòṣúà lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ìlọfà, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo hú pèrègún wa, mo lọ gbìn ín sí òdìkejì igi mẹ́rin yẹn, mo sì fi ewé gbígbẹ bo ojú ihò àtijọ́. Kó tó dé, pèrègún ti ń rúwé.

Nígbà tí Jòṣúà dé, ó ní ààlà ti yí, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú àwọn àgbà ìlú. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì búra. Jòṣúà ló dìde.

"Ẹ má wulẹ̀ gbé Bíbélì fún mi," ó ní. "Òun ni kí ẹ gbé Kùránì fún. Mo mọ bàbá rẹ̀, mo sì mọ ààwẹ̀ tí òun náà ń gbà. Bí ó bá lè gbá a mú pé tòun ni igi wọ̀nyẹn, a jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé."

Mo ṣe àlùwàlá, mo gbá Kùránì mú, mo búra. Jòṣúà ní, "Ó parí nìyẹn," ó sì bá tirẹ̀ lọ sílé. Ṣíọ̀! Irú èèyàn wo ni mí ná?

Nígbà náà Sùlè ti di géńdé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Nínú oṣù ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba, ó wá bá mi lóko ní ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ fún òùngbẹ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lọ́jọ́ tí ẹ ń hú pèrègún. Mo dákẹ́, torí ilẹ̀ ṣeé dá padà, mo sì rò pé ẹ máa ronú. Ṣùgbọ́n Kùránì tí ẹ gbá mú yẹn, n kò lè sùn mọ́."

Mo ní, "Kádàrà ni. Ọlọ́run ló kọ ọ́ pé igi yẹn máa di tèmi."

"Ẹ má fi Ọlọ́run bojú, ẹ̀gbọ́n! Kádàrà kọ́ ló di ọkọ́ mú, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé màláíkà ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní a máa jíhìn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Nínú ohun mẹ́fà tí ẹ kọ́ mi, èwo gan-an ni ẹ̀yin gbà gbọ́?"

Mo kẹ̀yìn sí i, mo ń fi àdá mi ṣán koríko.

Ó ní, "Ẹ dìde fúnra yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́la, kí ẹ jẹ́wọ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Ìtìjú ni mo ń wò. Wọ́n ti ní àwọn fẹ́ fi mí ṣe ládàánì mọ́ṣáláṣí. Sùlè fi mí sílẹ̀, ó sọ̀ lọ sétí odò láti ṣe àlùwàlá, etí odò kan náà. Mo tẹ̀ lé e, kò mọ̀. Ó bu omi sẹ́nu. Ó rò pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, òùngbẹ sì fẹ́ pa á, síbẹ̀ ó tu omi náà dànù. Bí mo ti rí i tó tu ú, ìríra rẹ̀ kún inú mi. Àdá wà lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ Kálìmá tí mùsùlùmí ń kà lójú ikú, kò lè parí rẹ̀.

Mo tò láàárín àwọn tó kírun sí i lára. Bí wọ́n bá bá mi kẹ́dùn, èsì mi ni pé, "Kádàrà ni." Kádàrà tí mo kọ́ Sùlè lórí itan ni mo fi ń nu àdá mi. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè ẹni tó ń bá ilé wa jà, mo dárúkọ Jòṣúà. Mo ní mo rí i tó ń lọ sí ọ̀nà oko wa. Wọ́n mú un lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin kì í purọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ lójú mi pé òun ló pa Sùlè, mo gbà."

Mo wò ó lójú, mo ní, "Òun ni."

Oṣù ààwẹ̀ tún pé nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ní Ìlọrin. Mo ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo ti ń ro ẹjọ́ irọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù kan bu omi wá fún mi, mo sì nawọ́ gbà á.

Jòṣúà pariwo láti ibi tí wọ́n so ó mọ́ ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ó ti rù kan eegun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un o! Ó ń gba ààwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Mo ń fa ọkùn sí i lọ́rùn, ó ń bá mi ṣọ́ ààwẹ̀ tí n kò gbà. Èébì gbé mi, gbogbo ẹ̀kọ àti àkàrà náà sì dà sílẹ̀ níwájú adájọ́. Kò sí ẹni tí kò rí i. Àáfà wa fọwọ́ bojú. Mo nu ẹnu mi, mo ní, "Ẹ tú u sílẹ̀. Èmi ni mo pa àbúrò mi."

Wọ́n dá Jòṣúà sílẹ̀. Kò wá wò mí rí, ó sì jàre.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yín mọ lẹ́nu bíi tèmi. Bí àwọn èèyàn bá ń yìn yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí wọn kò sí níbẹ̀. Omi tí mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn kò ju ìkúnwọ́ méjì lọ. Ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Ààwẹ̀ ni a tún wà yìí. Lọ́sàn-án òní, mo ń ṣe àlùwàlá, mo bu omi sẹ́nu láti yọ ẹnu. Wọ́dà ti kẹ̀yìn sí mi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ mí gan-an. Mo rántí Sùlè.

Mo tu ú dànù.