Wọ́n Ti Ṣíwọ́ Láti Àílà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù lẹ́yìn un nì, ọ̀rọ̀ òní ò gùn. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí kò mọ̀, kó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀rí ni ìdáhùn, a ó sì jíhìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Alhaji Múdàṣírù ní ilé iṣẹ́ fóòmù ní Ìwó, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ń gbé. Nígbà tí ọjà kùtà, ìjọba ní kí wọ́n má lé òṣìṣẹ́. Kí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù, ìjọba yóò fi díẹ̀ kún owó oṣù wọn. Alhaji pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa ṣíwọ́ ní Àílà. Nígbà tí àwọn tó ń ṣèwádìí fún ìjọba wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, Alhaji ò yọjú sí Ìwó, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní lẹ́yìn Àílà, wọn ò lè bá ẹyẹ níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé irọ́ ló pa, jàmáà? Àṣẹ tó fẹnu pa ló ń ròyìn bí ohun tó fojú rí.

Fọ́máànù rẹ̀ ò dín iye fóòmù tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lójúmọ́ kù. Bí Àílà bá ti kọjá, á ti géètì pa níta kí àlejò lè rò pé wọ́n ti lọ, àwọn ọmọbìnrin á máa ránṣọ fóòmù nínú.

Nímọ́tà, opó tó ń ta ọṣẹ, ló bí Àfúsátù, ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Alásárì, ó rí èéfín dúdú lápá ilé iṣẹ́ náà. Ó sáré lọ láìwọ bàtà. Fọ́máànù ti sá lọ tòun ti kọ́kọ́rọ́. Alhaji, tí òkú ìbátan kan gbé wá sílùú, ló ń darí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó fóòmù kúrò lábẹ́ àtíbàbà ìta. Nímọ́tà kúnlẹ̀, ó ní ọmọ òun wà nínú ilé.

"Ìyá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ṣíwọ́ láti Àílà."

"Alhaji, Mọ̀gáríbì lọmọ mi máa ń wọlé."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi í léèrè ibi tó ń yà sí. Ẹ̀yin lẹ bí i, èmi kọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ."

Àwọn tó dúró náà rẹ́rìn-ín. Ariwo iná bo gbogbo ohùn yòókù mọ́lẹ̀. Ìtìjú gbé Nímọ́tà dìde. Ó rántí mẹkáníìkì kan tó máa ń kí ọmọ náà, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń sọkún lọ lójú ọ̀nà: "Àfúsátù, o dójú tì mí. Má wọlé mi mọ́."

Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú wa tí kò tíì sọ irú ẹ̀ rí?

Abẹ́ mọ́tò ló ti bá mẹkáníìkì, òun nìkan. Ó ní òun ò rí Àfúsátù láti ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Nímọ́tà fi máa padà, ògiri ti wó, wọ́n ti tẹ́ òkú àwọn ọmọbìnrin náà sórí koríko, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ yọ síta. Ó fa tapólì bò ó dáadáa, ó wá yíjú sí Alhaji. Kò pariwo.

"Alhaji, ṣé ó ti ṣíwọ́ báyìí?"

Nínú ìṣirò ìjọba, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní wákàtí tí iná yẹn jó. Bí Alhaji ṣe wí ni wọ́n ṣe kà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe kà á?

Yá Allah, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu wa tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Fún wa ní ahọ́n tó lè sọ pé, "Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wò." Èyí tí àwọn ìyá bá fi ìbẹ̀rù sọ sí ọmọ, má ṣe kọ ọ́ mọ́ wọn. Fi ọ̀nà mọ̀ wá kó tó pẹ́ jù. Àmín.