Mo Mọ̀ Pé Wàsílá Kò Rí Pátákó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Olùkọ́ ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì kẹta nílé ìwé aládàáni kan ní Bàrígà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e sínú. Ǹ bá sì máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní táàmù yìí.

Ọmọ kan ni mo ṣẹ̀. Wàsílá ni màá pè é níbí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn èèyàn ní Abúlé Òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Wàsílá nígbà tó wọ kíláàsì mi. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn, kó má baà dí àwọn kéékèèké lójú.

Kíláàsì mi kún nígbà yẹn. Bí mo bá kọ ìṣirò sára pátákó, ohun tó yàtọ̀ ni Wàsílá máa kọ sínú ìwé rẹ̀. Màá kọ méjìdínlógójì, òun á kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ àkàyé ni, á fo ìlà méjì, á tún fo ìkẹta. Nígbà míì, á na ọrùn wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Mo máa ń nà án nítorí ìyẹn. Mo ní ó ń jí ìwé wò.

Ó tún ní bó ṣe máa ń fún ojú pọ̀ bó bá ń wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé ó ń fojú di mí ni. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un níwájú gbogbo kíláàsì pé bó bá tún fún ojú yẹn mọ́ mi, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà títí a ó fi jáde. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti dojú kọ wọn, ńṣe ló máa ń tẹ orí ba.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, bí ẹ kò bá tiẹ̀ gba ìyókù. Ní táàmù kìíní àti ìkejì, mo rò ó tọkàntọkàn pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì kọ ọ́ sínú káàdì èsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá gba èsì, mo sọ fún ìyá rẹ̀ lójú àwọn òbí yòókù pé orí ọmọ rẹ̀ kò gba ìwé. Obìnrin náà kò bá mi jà. Ó dúró síbẹ̀, ata ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́ tí mo sọ òtítọ́ fún òun, kí n bá òun máa bá a wí.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń kọ́ praimárì kejì bi mí nínú ìpàdé àwa olùkọ́ bóyá nǹkan kan ń ṣe Wàsílá. Ó ní iwájú lòun máa ń fi í sí, ó sì máa ń gbìyànjú. Mo fèsì níwájú ọ̀gá wa pé gbogbo ọmọ ló máa ń gbìyànjú lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò le. Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí táàmù kẹta máa fi wọlẹ̀, mo ti fún ọ̀gá lórúkọ àwọn tí mo rò pé wọ́n máa tún kíláàsì kà. Ti Wàsílá ló wà lókè pátápátá.

Ní táàmù kẹta la máa ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ka aago. Ọkọ mi ń bá wọn gé ìwé níbi ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó sì máa ń bá mi kó páálí tí wọ́n gé kù wálé. Mo pín in fún àwọn ọmọ. Wọ́n fi ọmọrí abọ́ fa róbótó sára rẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n kọ nọ́ńbà yí i ká, wọ́n sì fi òwú àti bọ́tìnnì so ọwọ́ aago mọ́ àárín. Ariwo á gba gbogbo yàrá, bébà á kún ilẹ̀. N kò fẹ́ràn iṣẹ́ kankan tó èyí láàárín ọdún.

Aago Wàsílá ló dára jù lọ́dún yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ jìnnà síra dọ́gba bíi pé àgbàlagbà ló kọ ọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé ọwọ́ aago sí aago mẹ́fà ààbọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ na tiẹ̀ sókè. Ó yà mí lẹ́nu, inú sì ń bí mi díẹ̀, torí kò bá ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀ mu.

Mo wá gbé aago ńlá tí èmi fúnra mi ṣe. Mo dúró níwájú pátákó, mo bi Wàsílá pé aago mélòó ló lù. Ó dìde, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rìn gba àárín bẹ́ǹṣì lọ bá a, kí n lè dójú tì í dáadáa. Nígbà tó ku bẹ́ǹṣì kan kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Àǹtí."

Mo yí ọwọ́ aago náà. Ó gbà á. Mo tún un yí, ó tún gbà á. Mo fẹ̀yìn rìn padà síbi pátákó, mo yí i, mo bi í léèrè. Ó fẹ́ fún ojú pọ̀, ó sì rántí ohun tí mo sọ, ló bá tẹ orí ba.

Mo ní, "Wàsílá, kí lo ń rí lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Nǹkan róbótó ni, Àǹtí."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Méjìdínlógójì tó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọrùn tó ń nà, ojú tó ń fún pọ̀, gbogbo rẹ̀ tò síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó jókòó. Mo ní kí ẹlòmíì dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju pé kí n gbé àga ọmọ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí n sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ohun tí màá sọ fún obìnrin náà nípa gbogbo ẹgba yẹn. Mo ro bí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣe máa wò mí. Mo ro ọ̀gá, tí mo ti fún lórúkọ. Mo sọ fún ara mi pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ẹni tó bá kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀ á rí i. N kò fọwọ́ kàn án mọ́ látọjọ́ náà. Mo pe ìyẹn ní àánú.

Ara pátákó la máa ń kọ ìbéèrè ìdánwò sí nígbà yẹn. Mo kọ ọ́, mo sì dúró ṣọ́ wọn. Mo rí Wàsílá lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó fi ọwọ́ bo iwájú orí, tó ń fún ojú pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ náà kí n má baà rí i. Mo yíjú sí ojú fèrèsé.

Ó fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ bínú, ó mú un kúrò, ó fi í sí ilé ìwé mìíràn. Mo gbọ́ pé tipátipá ló fi parí praimárì kẹfà, wọn kò sì jẹ́ kó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n ní kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí olùkọ́ ti sọ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé. Wọ́n mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Èmi náà kò gba iwájú ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ kọjá mọ́. Mo wá ọ̀nà míì tí mo ń gbà lọ sílé ìwé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí, ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi. Ó mú àbúrò Wàsílá dání, Mùìná, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní kíláàsì mi lòun bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sí, torí èmi nìkan ni olùkọ́ tó sọ òótọ́ fún òun rí. Ó ní kí n má ṣojú àánú sí i rárá, bí mo ṣe ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí n ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Mùìná fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún ojú pọ̀ mọ́ pátákó. Mo gbé e wá síwájú lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kó mú un lọ yẹ ojú wò. Wọ́n lọ, wọ́n sì fún un ní gíláàsì ojú. Ẹ wo ọmọ náà báyìí, gbogbo ohun tó bá wà lójú pátákó ló ń kà sókè, kódà ká tó ní kó kà á.

Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àbí irú èyí náà ló ṣe Wàsílá nígbà yẹn?"

Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún mi. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í. Mo ní, "Rárá o, Ìyá Wàsílá. Tiẹ̀ yàtọ̀. Òun kò fọkàn sí i ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Èyí àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí, mo ṣì kéré nínú iṣẹ́. Kí ni màá sọ nípa èyí? Mo ti dàgbà. Ọ̀gá wa ti ń sọ pé èmi ló máa di igbákejì òun. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe wo ojú abiyamọ, tí mo tún purọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n ṣe lópin ọ̀sẹ̀ fún kíláàsì. Mùìná dìde. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun máa ń gba gíláàsì òun lójú òun, á fi wọ̀, á dúró síta. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé òun kò mọ̀ pé èèyàn máa ń rí ewé igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ìyá wọn á wá pariwo pé kó bọ́ ọ, kó má ba ojú ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Mùìná, mo sì jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé ìgbẹ́.

Ẹ lè ní kí n kàn sọ fún ìyá wọn pé kó mú Wàsílá náà lọ yẹ ojú wò. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti pe obìnrin náà, ọpẹ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi á sì wúwo. Mo tún ń rò ó pé bí mo bá sọ ìyẹn nìkan, tí mo fi ìyókù pamọ́, ṣé n kò tún ti jí nǹkan míì lọ́wọ́ ọmọ náà? Nínú ọkàn rẹ̀, ó gbà pé olódo lòun. Gíláàsì kò lè bá a yọ ìyẹn kúrò. Èmi tí mo fi í síbẹ̀ ni mo lè yọ ọ́. Mo ti gbàdúrà títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ Ọlọ́run nìkan kọ́ ni mo ṣẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ìyá ni kí n kọ́kọ́ bá, àbí ọmọ? Bí ẹ bá jẹ́ Wàsílá, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?

Òun ló ń wá mú àbúrò rẹ̀ nílé ìwé lọ́sàn-án báyìí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀bá géètì ló máa ń dúró sí, á máa wo gbogbo wa bí a ṣe ń bọ̀, kì í sì í dá ẹnì kankan mọ̀ títí onítọ̀hún á fi dé iwájú rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ti wá sún mọ́ ọn tó, tó rí i pé èmi ni, á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí."